Igi Tó Mọ Ẹni Tó Kọ́kọ́ Jáde Nínú Wa

Mọ́ńdè, 13 oṣù kẹrin

Ìwé, mo kí ọ o. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Àwọn ará ilé ńkọ́ — yéè! Ewúrẹ́! Ewúrẹ́ yẹn ti wà nídìí imọ̀ ọ̀pẹ mi! Tshenolo, ju bírò yẹn sílẹ̀, lé e, lé e! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rẹ imọ̀ yẹn sómi kí n lè fi hun agbọ̀n. Odindi agbọ̀n kan ló gbé mì yẹn.

Ó dáa. Ó ti lọ. Jókòó. Ṣé o kọ ti ewúrẹ́ náà sí i? Ah. Jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ojú tì í.

Tshenolo ọmọ-ọmọ mi ló ń kọ̀wé. Èmi ò mọ̀wé. Ìwé kan ṣẹ́ kù lára ìwé ilé-ìwé rẹ̀ tí kò lò, mo ní kó fún mi, èmi náà fẹ́ ní tèmi. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Tíṣà kankan ò gbọdọ̀ rí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí rèé. Galeboe ọmọ mi, ìyá Tshenolo, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń kó àlejò òyìnbó lọ wo ẹranko nínú àbàtà odò, ní ìlú Maun níbí. Ọ̀gá wọn ní kó tó di pé àlejò ya dé, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú òbí rẹ̀ kan, kó lọ ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni méjì ni, òbí náà àti ẹnì kan tó bá wù ú. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ni wàá mú. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré, wákàtí kan lókè odò. Tàbí mọ́tò, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nínú ọgbà ẹranko. Tàbí mokoro, ọkọ̀ tí a ń fi ọ̀pá tì, ọjọ́ méjì, kí a sì sùn ní erékùṣù. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ dé kí Fráìdè tó ṣú.

Ẹ̀rín pa mí débi pé omi jáde lójú mi. Èmi tí mo ti ń sá fún erin láti kékeré, wọ́n fẹ́ gbé mi lọ kí n lọ wò ó! Mma-Phemelo aládùúgbò mi (Ẹnu-Ò-Sinmi ni mo ń pè é nínú mi) ti gbọ́ lórí ọgbà. Ó ní, Mma-Galeboe (ìyá Galeboe, èmi nìyẹn), erin tó jẹ bàrà rẹ lọ́dún tó kọjá ló ní kí o wá kí òun o, ó ní ó dùn.

Túsìdè, 14

Galeboe mú ìwé alárànbarà wá, tí àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀. Mo wo ti òfuurufú. Ó dára. Mo wo ti mọ́tò, kìnnìún kan na ara sílẹ̀ bí ọkọ tí kò ríṣẹ́. Mo wo ti mokoro.

Mo gbé e sún mọ́ ojú.

Igi kan wà níbẹ̀ létí omi. Apá rẹ̀ kan nà síta, ó wá tẹ̀ bí ìgbúnwọ́. Orí ìgbúnwọ́ yẹn ni ìyá wa ń sá ẹja sí. Mo mọ̀ ọ́n. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n bí wa sí, èmi àti Samunzala, ìbejì, kí eṣinṣin tí ń pa màlúù tó lé gbogbo wa kúrò ní erékùṣù náà. A ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ. A ò padà mọ́.

Galeboe ní, Màmá, igi pọ̀ nínú odò yẹn bí irun orí. Mo ní irun orí tèmi ni mò ń wò yìí.

Ìwé, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ, ìwọ kì í ṣòfófó. Bàbá wa gé àmì méjì sára igi yẹn lọ́jọ́ tí a bí wa. Ó fa ìlà gígùn kan fún ọkùnrin, ìyẹn ọ̀pá ọkọ̀. Ó gé òbírí kan, róbótó, fún obìnrin, ìyẹn agbọ̀n. Ti ẹni tó kọ́kọ́ jáde, òun ni ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ó gé e sí ojú ìlà oòrùn. Ti ẹnì kejì, sẹ́yìn, níbi tí oòrùn ń wọ̀. Ó sọ fún wa pé bó ṣe ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló wà níwájú, ta ló wà lẹ́yìn? Ọmọdé ni wá, a ò bèèrè. Ìyá wa kú. Bàbá wa kú. Samunzala wá gbé àyà síwájú, ó ní òun ni, òun rántí. Kí ló rántí! Láti ìgbà yẹn, òun ni Ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń kọ́kọ́ mumi. Èmi ló ń rán lọ pọn ọ́n. Nílé wa, àgbà ló ni orí ẹja, òun náà ló ń jẹ ẹ́. Káàdì ìjọba ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, wọ́n kàn fojú bù ú ni. Ẹ wá wo iye orí ẹja tó wà nínú ìyẹn.

Ọba Orí Ẹja ni mo ń pè é. Ní kọ̀rọ̀.

Wẹ́sìdè, 15

Orúnkún. Igi. Orúnkún. Igi. Orúnkún mi ń ro mí, igi ń pè mí, ìyẹn nìkan ni mo rò lónìí.

Tọ́sìdè, 16

Galeboe ní ọkọ̀ òfuurufú ni kí n mú. Ó ní inú mokoro, ilẹ̀ ni èèyàn ń jókòó sí, kó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó kéré tán wákàtí méjì. Orúnkún mi ọ̀tún kì í gbà. Ìyá-Ọkọ ni mo sọ orúnkún yẹn, torí kò sí ọjọ́ tí kì í ṣàròyé. Mo ní, Galeboe, ṣé láti òfuurufú ni mo ti fẹ́ fọwọ́ kan igi? Ó ní, Màmá, ó dáa, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Bí ẹ bá lè jókòó báyẹn fún wákàtí kan péré, màá fi orúkọ yín sílẹ̀ fún mokoro.

Mokoro wo la fẹ́ fi dán an wò? Ti bàbá Galeboe ni, èyí tó ti di ọpọ́n omi ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. A da omi nù. A tẹ́ koríko sí i. Mo wọlé, mo na ẹsẹ̀. Ewúrẹ́ àná — ewúrẹ́ Mọ́ńdè, Tshenolo, tún un ṣe — ó dúró ó ń wò mí, ó rò pé èmi ni oúnjẹ.

Mma-Phemelo gbé orí sórí ọgbà. Mma-Galeboe, ṣé o ti dé odò? Mo ní mo ti dé. Ṣé o ti rí erinmi? Mo ní ọ̀kan rèé tó gbé orí sókè yìí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi mú ọgbà mọ́ra.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ìwé. Kò tó wákàtí kan. Bóyá ó tó àsìkò tí tíì fi ń hó. Ìyá-Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo ní yéè, mo fò dìde nínú ọpọ́n náà. Mo wá rí i pé mo di igi ọgbà kan tó ti tú mú kí n má bàa ṣubú. Mo dúró. Mo fi igi náà ti ilẹ̀, bí mo ṣe máa ń tì í nígbà tí mo ṣì ń lọ wa tswii, gbòǹgbò òṣíbàtà, nínú omi. Mo tì í. Mo tún tì í. Orúnkún ò sọ nǹkan kan!

Galeboe, mo pè é, orúnkún yìí kì í jà bí mo bá dúró. Jíjókòó ni kò fẹ́.

Galeboe wò mí bíi pé ó fẹ́ sunkún, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, Màmá, àlejò kì í ti ọkọ̀. Mo ní ta ló ń jẹ́ àlejò?

Fráìdè, 17

Lọ́wọ́ àárọ̀, mo lọ sí ilé Ọba Orí Ẹja. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí. Ó jókòó sídìí ilé ọmọ rẹ̀, ó kọjú sí oòrùn. Mo ní, Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí igi wa. Ó ní igi wo. Mo sọ fún un. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ní òun ò lọ. Kí lòun fẹ́ lọ ṣe, ohun tí òun mọ̀ lòun mọ̀. Mo ní ẹ̀rù ń bà ọ́. Ó ní ẹ̀rù kí ni. Mo ní ẹ̀rù agbọ̀n. Ó ní, ìwọ ọmọdé yìí, má bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn! Mo ní ó dáa, ọmọdé ni mí, màá mú Mma-Phemelo dání, òun lójú, òun ni yóò wo àmì náà, òun ni yóò sì ròyìn rẹ̀ fún gbogbo Maun.

Ó fọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, bẹ́ẹ̀dì wo ni wọ́n ń sùn sí lọ́hùn-ún?

Galeboe ti fi orúkọ sílẹ̀, bí mi ò tilẹ̀ jókòó pé wákàtí kan. Mokoro. Ẹni méjì. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ti ọ́fíìsì.

Sọ́ńdè, 19

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Nametso wá kí mi. Òun ni yóò ti ọkọ̀ wa, obìnrin, ọ̀dọ́, èjìká rẹ̀ bí ti màlúù. Mo fi àwòrán hàn án. Ó ní òun mọ igi náà dáadáa, abẹ́ rẹ̀ làwọn ti ń fún àlejò lóúnjẹ ọ̀sán. Mo ní ṣé àmì wà lára rẹ̀. Ó ní nǹkan kan wà tí wọ́n gé sára rẹ̀, àwọn rò pé ọdẹ kan ló gé e. Mo ní èwo ló wà ní ìlà oòrùn. Ó ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹranko ni wọ́n ń sanwó fún mi láti wò, kì í ṣe èèpo igi.

Oorun ò kùn mí mọ́.

Wẹ́sìdè, 22

Ẹrù: aṣọ òtútù méjì, ṣúgà, ìpara orúnkún, ife Samunzala (kì í mu nínú ife ẹlòmíì, Ọba). Mma-Phemelo gbé búrẹ́dì wá. Ó ní bí erin bá jẹ mí, ṣé òun lè mú ìkòkò ńlá mi. Mo ní kó mú ewúrẹ́.

Sátidé, 25

Mọ́tò ti dé. Mò ń lọ. Ìwé, ó dìgbà.

Mọ́ńdè, 27

Tshenolo, ṣé bírò náà kún? Mú méjì.

Ọkọ̀ wọn ti di oníke o! Bíi bàsíà ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n omi yẹn ò yí padà. Bó ṣe ń rùn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń rùn. Koríko ń fọwọ́ pa ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣíí, ṣíí. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mo fara dà á. Ìgbà tó yá, Ìyá-Ọkọ ké. Mo ní, Nametso ọmọ mi, fún mi ní ọ̀pá. Ó ní, Màmá, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní ta ni yóò sọ fún wọn, ṣé ọ̀nì? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú wa dé ibi tí omi ò ti ju orúnkún lọ. Ó jókòó. Mo dìde.

Mo tì í! Ìwé, mo tì í! Samunzala wà níwájú, ó ń gbóòórùn bí ajá. Ó ní, yà sósì, erinmi wà lọ́tùn-ún. Nametso ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà náà ni nǹkan náà mí, pùúú, lọ́tùn-ún. Nametso ní, Bàbá, ẹ máa bọ̀ níbi iṣẹ́ wa o.

Erin mẹ́rin sọdá níwájú wa, ọmọ kan di ìrù ìyá rẹ̀ mú. Nametso ní kí a dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọgbó, mi ò lè mú un mọ́ra, mo ní, bàrà mi ńkọ́! Èyí tó kẹ́yìn yíjú padà. Mo búra, ojú tì í.

A dé erékùṣù lọ́sàn-án gangan. Oòrùn wà láàárín orí. Igi wa ni. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó sọ̀kalẹ̀. A bu omi sẹ́nu, a fẹ́ ẹ sílẹ̀, a dárúkọ ara wa fún àwọn tó sùn síbẹ̀, pé àwa ọmọ yín la dé, ẹ jẹ́ ká wọlé. Samunzala na ọwọ́. Ó ń fọwọ́ wá èèpo igi náà káàkiri. Ó rí ìlà gígùn. Ó yí igi náà po, ó rí òbírí. Ó ní, àbúrò. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní, oòrùn wà lókè, mi ò mọ ibi tó ti wá. Èwo ló wà ní ìlà oòrùn?

Mo wòye. Mo mọ ìlà oòrùn ibẹ̀. Òdìkejì ibi tí omi ti fẹ̀ ni.

Agbọ̀n ni. Òbírí ni. Tèmi ni.

Mo la ẹnu kí n pariwo. Mo wá wo ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ mú. Mo ní, tìẹ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ìlà ló wà níwájú.

Nametso bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ títí.

Inú rẹ̀ dùn! Ó jó. Ó ní, ṣé mi ò sọ fún ọ! Ó ní, lọ bu omi wá. Lójú ẹsẹ̀! Mo gbé korobá, mò ń rẹ́rìn-ín lọ sétí odò. Mo mọ̀, òun ò mọ̀. Ó dùn ju orí ẹja lọ.

Kọ èyí dáadáa, Tshenolo. Ọjọ́ kejì, ní ìdájí, mo yọjú lẹ́nu àgọ́. Samunzala ti jí. Ó fi ẹ̀yìn ti igi. Ó ń yí igi náà po díẹ̀díẹ̀, títí oòrùn tó ń yọ fi bọ́ sójú rẹ̀ méjèèjì. Ó dúró. Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn, sára èèpo igi. Ó rọra ń fọwọ́ tọ nǹkan tó wà níbẹ̀, yípo, yípo.

Mo padà sùn kí ó má bàa gbọ́ mi.

Nametso sun ẹja. Orí bọ́ sínú àwo Ọba bó ṣe máa ń rí. Ó gbé e sókè. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá gbé e sínú àwo mi. Ó ní eyín ń dun òun. Eyín wo? Mẹ́rin ló ṣẹ́ kù, alẹ́ àná ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rún egungun! Ó bu omi sínú ife, ife tirẹ̀ tí ẹlòmíì kì í mu, ó sì gbé e fún mi kí òun tó mu. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé e, ọwọ́ òsì wà lábẹ́ ìgbúnwọ́ ọ̀tún. Bí ọmọdé ṣe ń gbé nǹkan fún àgbà. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò gbé nǹkan fún mi báyẹn rí.

Mo mu omi. Mo jẹ orí ẹja. Ojú rẹ̀ ló dùn jù.

Títí a fi délé, a ò sọ ọ́.

Ó tán. Kà á fún mi, Tshenolo, láti ìdí igi. Rọra kà á, ọ̀rọ̀ àárín wa ni. Dúró — ọ̀pá ta ni mò ń gbọ́ lẹ́nu géètì yẹn? Ọba Orí Ẹja ni. Ó ti dé. Jẹ́ kó wọlé, kó jókòó. Ó dáa. Kà á sókè.