Ohun Tí Mo Kà sí Adéọlá Létí

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Òkè-Ìlá.

Adéọlá, ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú, pè mí láàárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó ń ṣe ìdánwò náà rèé. Bó bá tún fìdí rẹmi, ó parí.

"Bàámi, ẹ bá mi wo ìwé tí mo gbàgbé sílé. Tí ọkọ̀ bá ń lọ sí ìlà-oòrùn, iye ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ tó máa fi ga, ṣé èyí tó ṣeé pín sí méjì ni, àbí èyí tí ò ṣeé pín?"

Mi ò rí awò ojú mi, mo fi ojú lásán kà á. "Èyí tó ṣeé pín ni."

Ó dúpẹ́, ó sì pa fóònù rẹ̀.

Ìgbà tí mo rí awò ni mo tún un kà. Ìlà-oòrùn, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, èyí tí ò ṣeé pín; ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kí àwọn tó ń pàdé lókè má baà kọlu ara wọn. Mo pè é títí, kò wọlé. Èmi tí mo ti ṣe tíṣà rí!

Ìyá rẹ̀ gbé iyán wá. Mi ò lè jẹ ẹ́.

Lọ́sàn-án ló pè, inú rẹ̀ ń dùn. "Bàámi, ẹ ṣeun o! Ìbéèrè yẹn jáde. Ohun tí ẹ sọ gan-an ni mo kọ."

Mo ní, "Kú iṣẹ́, ọmọ mi."