A Ti Já Àwọn Sátẹ́láìtì Raliat Lẹ́nu Ọmú

Raliat, Àjìkẹ́ mi,

O kú àárò wa, o kú iṣẹ́, o kú òtútù ọ́fíìsì Abuja. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́. Ara wa le ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, àfi eékún bàbá rẹ tó ń dùn ún, ewúrẹ́ wa sì ti bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé, nítorí fóònù kì í jẹ́ kí n ronú tán kó tó já. O ní àwọn sátẹ́láìtì yín ti ń mọ ibi tí wọ́n wà fúnra wọn, pé wọ́n ń bi ara wọn léèrè ọ̀nà lókè lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń tún ìrìn ara wọn ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n láti ilẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún díẹ̀. Mo ní wọ́n ti já lẹ́nu ọmú nìyẹn. Mo dín àkàrà, mo gbé e dé Ọjà Akẹ̀sán, mo fi ṣe sàráà, ẹni tó bá sì bèèrè, mo ń sọ fún un pé àwọn ọmọ Raliat ni, wọ́n lé ní ogójì, gbogbo wọn ló dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Basit ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé o ti lọ́kọ. Mo ní sátẹ́láìtì ni, ó ní kí Ọlọ́run wò wọ́n.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Kí wọ́n tó bi ara wọn pé níbo lo dé, ṣé wọ́n máa ń kí ara wọn ná? Tí méjì bá sì pàdé lójú ọ̀nà, èwo ló ń yà fún èkejì? O ní ẹ̀rọ ló ń ṣírò ìyẹn. Jọ̀wọ́, sọ fún ẹ̀rọ náà pé èyí tí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ ni ẹ̀gbọ́n, kí àbúrò máa yà fún un. Ìyá Mercy, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta aṣọ ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́, ní àìkí ara ẹni ló ń mú kí ọkọ̀ máa kọlu ara wọn lọ́dọ̀ tiwọn.

Wàyí o, Iléyá méjì tó kọjá, o ní o kò lè wá, pé tí o bá kúrò nídìí wọn, wọ́n á ṣìnà. A gbà, abiyamọ kì í fi ọmọ ọmú sílẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ yìí ńkọ́? Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé ò ń bọ̀, ó sì ti kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ tó yẹ̀.

Láti ìgbà tí o ti ṣàlàyé pé wọ́n máa ń hàn bí ìràwọ̀ tó ń rìn, tí bàbá rẹ bá ti kírun Mágàríbì tán, á gbé àga sójúde, á máa wòkè. Tí ọ̀kan bá kọjá, á ṣí fìlà, á juwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà á yíjú sí mi, á ní, "Níbo ni Raliat dé báyìí?" Àwọn tìrẹ ń bi ara wọn, wọ́n ń rí ìdáhùn. Èmi, mo máa ń ní kó wọlé kí òtútù má bàa mú eékún rẹ̀.

Owó àgbò ńkọ́? Kí ó tó àgbò ńlá o, àwọn ará àdúgbò ń wò wá. Má fi sí báńkì. Lọ́jọ́sí, wọ́n ní kí n tẹ nọ́ńbà kan láti fi gbowó, mo tẹ̀ ẹ́, obìnrin kan kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nínú fóònù, kò fún mi ní kọ́bọ̀. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá, kí o sì tètè dé kí àgbò tó wọ́n.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwọn tìrẹ lókè á ṣọ́ ìwọ náà nílẹ̀. Kò ní jẹ́ kí ọ̀nà ilé rú ọ lójú. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Waliyat