Àlàyé físíìsì tí mo ṣe nílé àna ọ̀rẹ́ mi

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ẹ ó ní irọ́ ni mò ń pa, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi. Tíṣà físíìsì ni mí n'Ílọra. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ fẹ́ ọmọ díákónì kan ní Fìdítì, èmi sì ni alárinà wọn. Àná Sátidé la lọ tọrọ ọmọ... ojú ń tì mí o. Bàbá ọmọ rọra bi mí pé ọgbọ́n wo ni mo dá tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì fi wọ̀. Ṣebí kí n ṣáà ní àdúrà ni? Rárá o, ẹnu ń yún mi! Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń kà nípa superconductor, irin tó jẹ́ pé bó bá ti tutù dé ìwọ̀n kan, iná á máa gba inú ẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́ kankan. Mo ní, "Bàbá, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn tíntìntín tó ń gbé iná kiri, wọ́n kórìíra ara wọn, síbẹ̀ wọ́n ń so pọ̀ ní méjì-méjì. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní irin tó ń gbọ̀n ni alárinà wọn. Àmọ́ àwọn kan ń jiyàn báyìí pé nínú irin mìíràn, kò sálárinà kankan, ìkórìíra yẹn gan-an ló so wọ́n pọ̀! Wọ́n á kàn máa yẹra fúnra wọn nínú ilé kan náà. Ẹ wá gbọ́ ìyanu ibẹ̀: tẹ́ ẹ bá wò ó láti apá kan, ìdè àárín wọn, òdo ni!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni... Ìyá ọmọ wolẹ̀. Bàbá dìde, ó ní ká kó iṣu wa, ká máa lọ. Èmi rò pé ohun tí bàbá gbọ́ ni pé ọmọ òun àti ọ̀rẹ́ mi kórìíra ara wọn. Kí ló kàn mí kan ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nílé àna ẹlòmíì? Ta ló rán mi níṣẹ́?

Láàárọ̀ yìí, mo ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù dún. Bàbá ni. Ohùn ẹ̀ lọlẹ̀ bíi ti ẹni tó fara pamọ́. "Tíṣà, ta ló sọ fún ọ pé èmi àti ìyá ọmọ yìí kì í bára wa sọ̀rọ̀ nínú ilé?"

Yéè... Tí mo bá ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lásán ni mò ń sọ, bàbá á rí i pé ẹnu ara òun lòun fi tú àṣírí òun, kò sì ní fẹ́ rójú àwa méjèèjì mọ́. Tí mo bá dákẹ́, á gbà pé ọ̀rẹ́ mi ló tú àṣírí ilé òun fún mi, ìyàwó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Mo parọ́ pé network ò dáa, mo pa fóònù. Ó tún ti ń pè báyìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n sọ?