Ìdágbére Tí Kò Jáde

                                        Ilé Alágbàlá Méjì,
                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Ilé-Ìwé,
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi àtọjọ́mọ́jọ́,

Báwo ni ilé? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun dáadáa, àbí ìwé nìkan ló ṣì ń kà mọ́lẹ̀? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ara gbogbo wa le. Inú tó ń bí mi nìkan ni kò tíì rọ̀.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. N kò fèsì. Mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe tẹ̀lé ara rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

O mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ rédíò wa máa kógbá sílé. Nígbà tí ìwọ gan-an wà níbẹ̀, ṣebí abẹ́ agboòrùn la ti ń ka ìròyìn bí òjò bá ń rọ̀. Mọ́kànlá ni wá kí o tó lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún yìí, ó ku èmi, Ẹnjiníà tó ń dá jókòó ti ẹ̀rọ lẹ́yìn ìlú, àti Bó-bá-yá ọ̀gá wa. O ṣáà rántí pé kò sí ohun téèyàn bi í tí kò ní dáhùn báyẹn. Àwọn tó ń polówó ọjà ti kó lọ sórí FM, wọ́n ní ohùn AM ń há. Ní oṣù tó kọjá, Bó-bá-yá pè wá jọ, ó ní òun ti ta ilẹ̀ tí òpó tó ń gbé ohùn wa jáde wà lórí ẹ̀, pé ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá yìí la máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní wákàtí kan péré, aago mẹ́rin sí márùn-ún, kí n fi dágbére fún àwọn olùgbọ́. Ó gbà.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ka Ìkéde Ọ̀sán. Kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, ajá tó ṣìnà, ilé tó wà fún rẹ́ǹtì, ẹni tó ń wá àbúrò rẹ̀, ẹnu mi ni gbogbo ẹ̀ gbà kọjá. N kò lè kàn dákẹ́ lójijì bí ẹni pé iná lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére yẹn. Mo kọ, mo pa á rẹ́, mo tún kọ. Bàbá àwọn ọmọ ní ṣé ìwé ìpíngún ni mò ń kọ ni. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre.

Ọjọ́ pé. Mo wọ yàrá tí a ti ń sọ̀rọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí àga tó ya lápá ọ̀tún, èyí tí ìwọ fi báńdéèjì lẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, mo dárúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wa tó ti kú, mo dárúkọ ìwọ náà. Ohùn mi ń jáde ketekete nínú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri. Níparí, mo sunkún, n kò sì fi pamọ́. Mo paná, mo jáde.

Télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ló kọ́kọ́ pàdé mi, ó ní mo pa òun lẹ́kún. Apòògùn tó wà ní orígun ní òun ò dá oníbàárà kankan lóhùn fún odidi wákàtí kan. Bàbá àwọn ọmọ ní mo ṣe é dáadáa, pàápàá jù lọ ìparí ẹ̀. Mo sùn fọnfọn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ kí Bàámi. Láti ìgbà tí ojú wọn ò ti ríran mọ́, rédíò ni ìwé ìròyìn wọn, òun náà ni aago wọn. Mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, rédíò wà lórí itan wọn, ó ń hó ṣìì. Wọ́n kàn rọra jẹ́ mi lóhùn. Wọ́n ní, "Kí ni mo ṣe fún ẹ tí o ò fi jẹ́ kí èmi gbọ́ tèmi?" Mo ní gbọ́ kí ni. Wọ́n ní láti ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni rédíò ti ń hó, pé ẹ̀ẹ̀mejì làwọn rán ayálégbé lọ ra bátìrì tuntun, pàbó ló já sí. Mo bá wọn jiyàn, mo ní gbogbo ìlú ló gbọ́. Wọ́n ní, "Ó dáa, gbogbo ìlú gbọ́." Wọ́n kọjú sí ògiri.

Bàámi kì í purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì kúrò lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ kejì, mo gba ilé Ẹnjiníà lọ. Ẹnu yà á. Ó ní aago méjìlá ọ̀sán ni Bó-bá-yá pe òun lórí fóònù pé kóun pa ẹ̀rọ, pé àwọn tó ra ilẹ̀ ti dé láti wá tú òpó, pé Bó-bá-yá fúnra rẹ̀ á sọ fún mi. Ẹ̀rọ ara ògiri yẹn, Ẹlẹ́rìn-ín, ṣé o rántí pé inú máíkì orí tábìlì wa ló ti ń gba ohùn, kì í ṣe inú afẹ́fẹ́? Kí òpó wà, kó má wà, á ṣáà máa dá ohùn mi padà fún mi ni. Rédíò kékeré tó yẹ ká máa fi ṣọ́ ara wa, bátìrì ẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá, a ò sì rí ẹni rà á.

Lọ́jọ́ Ajé mo bá Bó-bá-yá lọ́fíìsì, ó ń kó fọ́tò ara ẹ̀ sínú páálí. Ó ní òun gbàgbé ni, kí n má bínú, pé bó bá yá a ó wá nǹkan ṣe sí i. Òpó tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́, kí la tún fẹ́ ṣe sí i? Ohun tí mo sọ sí i kì í ṣe ohun tí mo lè kọ síbí, kí ọmọ wa má lọ kà á.

Ṣùgbọ́n tiẹ̀ kọ́ ló dùn mí jù. Télọ̀ purọ́. Apòògùn purọ́. Mo bi bàbá àwọn ọmọ pé kí ni mo sọ níparí tó dùn tó bẹ́ẹ̀, ó ní mo ní "ó dàbọ̀." N kò sọ ó dàbọ̀ rárá.

Ó wá kan ìwọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ rèé níwájú mi: "Mo gbọ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omi bọ́ lójú mi." Mo kà á sókè fún ọkọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní ọ̀rẹ́ rèé. Omi wo ló bọ́? Kí lo gbọ́? Ìwọ tí o kọ́ mi béèyàn ṣe ń mí níwájú máíkì.

Mi ò ní kí o máa bẹ̀ mí. Kí n má purọ́, nínú ilé ìdáná tèmi náà, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ FM. Mi ò lẹ́nu láti bú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ mò ń bú gbogbo yín.

Lánàá mo padà sọ́dọ̀ Bàámi láago mẹ́rin, mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí n ka ìwé náà fún wọn. Mi ò tíì ka ojú ewé kan tán tí wọ́n fi gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo ìlú gbọ́, kí ni àwọn nìkan fẹ́ fi ṣe. Rédíò yẹn ṣì ń hó lórí itan wọn. Wọn ò jẹ́ kí n pa á.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó máa fi omi gbígbóná jó orúnkún yẹn. Bá mi kí ọmọ wa, kó jẹun. Bàbá àwọn ọmọ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò tíì padà bára wa sọ̀rọ̀ dáadáa.

Mo ti fi ìwé ìdágbére náà sínú lẹ́tà yìí. Ojú ewé kejì ni mo ti dárúkọ rẹ. Mo ní bí gbogbo ìlú bá pa rédíò wọn, Ẹlẹ́rìn-ín ò ní pa tiẹ̀. Kà á tán, kí o wá kọ̀wé sí mi, kí o sọ òtítọ́ fún mi: ìgbà wo lo gbọ́ wa kẹ́yìn?

Èmi tí inú ń bí, tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ,

Olóhùn-iyọ̀.