Ẹ̀rọ Ò Mọ̀ Pé Kànga Wà Níbẹ̀, Èmi Mọ̀

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, omi táwọn èèyàn kan tí mi ò mọ̀ rí ń mu wà lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ Uncle mi náà wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ èyí tí màá jù sílẹ̀... Mi ò lè jẹun mọ́. Ọkọ mi rò pé oyún ni.

Iba, ní Èkó níbí, la wà, nínú ilé màmá mi. Ọkọ mi ń tún inverter ṣe ní Àlàbá. Mo ka geology ní yunifásítì, mo wá jókòó sílé títí ilé fi sú mi, kí Uncle, àbúrò màmá mi tó wà lókè òkun, tó bá mi wá iṣẹ́ tí mò ń ṣe látorí laptop nínú yàrá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀hún, torí èmi gan-an, ó pẹ́ kó tó yé mi. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ jìnnà réré, wọ́n á wá fi agbára ti omi, iyanrìn àti kẹ́míkà sínú àpáta ibẹ̀ títí á fi sán, kí epo àti gáàsì tó há sínú ẹ̀ lè jáde. Fracking ni wọ́n ń pè é. Tẹ́lẹ̀, àwọn ẹnjiníà ló ń jókòó ṣètò ibi tí wọ́n á ti fọ́ àpáta àti bí agbára omi náà ṣe máa pọ̀ tó. Ní báyìí kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n ti kó ìtàn gbogbo kànga epo tí wọ́n ti gbẹ́ sẹ́yìn fún un, ó ti fi kọ́ṣẹ́, òun ló ń sọ pé ẹ fọ́ ọ níbí, ẹ má fọ́ ọ lọ́hùn-ún. Èmi wá ni èèyàn tó máa wo ètò náà, tó máa tẹ approve, torí òfin ìlú wọn lọ́hùn-ún ní ojú èèyàn gbọ́dọ̀ kan án. Uncle ni ọ̀gá mi.

Ètò kan wá dé, ní ìlú òyìnbó kan tí mi ò ní dárúkọ. Àgbẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, omi kànga ni wọ́n ń mu. Mo ń wo àwòrán ilẹ̀ náà tí wọ́n yà látòkè, mo rí ojú kan roboto láàárín pápá tí koríko ò hù sí. Ojú kànga epo àtijọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Mo wá máàpù àtijọ́ lọ, òótọ́ ni, wọ́n ti gbẹ́ kànga epo síbẹ̀ rí, láyé ọjọ́un, wọ́n sì pa á tì láìdí i. Kò sí nínú nǹkan tí wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí ẹnì kankan ò sọ fún un, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Tí wọ́n bá fọ́ àpáta nítòsí ibẹ̀, inú ihò yẹn ni gáàsì àti kẹ́míkà náà máa gbà gòkè bọ́ sínú omi wọn.

Ẹ lè ní kí ló kàn mí. Láńlọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Iba níbí gbẹ́ borehole, omi ẹ̀ ń pọ́n, ó lọ gbẹ́ òmíì. Dípò kó dí ti àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n darí páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú ẹ̀... soakaway ọ̀fẹ́! Ó tiẹ̀ ń fi yangàn ní mítìn àwọn láńlọ́ọ̀dù pé òun ò ní pe ọkọ̀ tó ń kó ìgbẹ́ láé. Ẹ wo ọgbọ́n. Àṣé ìsàlẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ti ń fa omi. Wálé, àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo, ló dùbúlẹ̀ tí kò dìde mọ́. Typhoid ni, ìfun ẹ̀ ti lu ká tó gbé e dé ọsibítù. Màmá mi ló ń bu omi yẹn fún un, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mu ún dáadáa kí ibà náà lè rọlẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé mo mọ ohun tí ihò àtijọ́ ń ṣe? Company ní ibi tí a lè kọ irú ẹ̀ sí, àwọn tó ju Uncle lọ ló ń kà á. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀. Ta ló ń gba ẹ̀yìn ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn? Uncle ló rán mi níwèé, òun ló fà mí lé ọkọ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá mi ò yọjú. Mo pè é, mo tiẹ̀ kúnlẹ̀ nínú yàrá bí ẹni pé ó ń rí mi. Ó ní òun ti gbọ́, òun á yanjú ẹ̀, kí n fi àmì sí ihò náà lórí máàpù kí n sì tẹ approve kí iṣẹ́ má bàa dúró. Mo fi àmì sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Kò yanjú nǹkan kan. Wọ́n ti fọ́ ibẹ̀. Bóyá omi wọn ti bàjẹ́, bóyá kò tíì bàjẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Mi ò mọ̀ pé gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ó rí i pé èèyàn rí ihò, èèyàn náà fi àmì sí i, ó sì tẹ approve, bíi pé kò séwu. Ètò tuntun dé lọ́sẹ̀ yìí, ihò àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, abúlé kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kọ̀ǹpútà gba àárín wọn kọjá, ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Yéè! Èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é.

Mo sọ fún Uncle pé lọ́tẹ̀ yìí màá kọ̀wé. Ó bú sẹ́kún. Mi ò gbọ́ ẹkún ẹ̀ rí láyé mi. Ó ní wọ́n á bi òun léèrè ti àkọ́kọ́, wọ́n á lé òun, iṣẹ́ yẹn ni ìwé ìgbélùú òun àti ti ìyàwó òun so mọ́. Ó pe màmá mi. Màmá mi ní ẹni táwọn ní kó fẹ́ àwọn lójú ló fi ata sẹ́nu. Mo ní Màmá, omi ni o, omi tí èèyàn ń mu ni, ẹ rántí Wálé. Màmá mi, tó ṣì ń se pure water kó tó mu ún, ní: "Àwọn òyìnbó yẹn, ṣé wọ́n bá wa sunkún nígbà tí Wálé kú?"

Mo wọ yàrá lọ, mo pa laptop dé.

Mo wá ní kí n kàn dákẹ́, kí n má tẹ nǹkan kan, kí ọwọ́ mi ṣáà mọ́. Àfi bí company ṣe fi lẹ́tà ìyìn ránṣẹ́ sí mi lánàá. Wọ́n ní èmi àti kọ̀ǹpútà kì í jiyàn, torí náà àwọn ò ní máa dúró dè mí mọ́... tó bá di ìrọ̀lẹ́ Friday tí mi ò sọ nǹkan kan, a jẹ́ pé mo ti gbà nìyẹn. Tí mo bá sì ní rárá, àfi kí n kọ ìdí ẹ̀ síbi táwọn tó ju Uncle lọ ti ń kà á. Nítorí Ọlọ́run, ẹ má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù, ẹ má ní kí n fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣé kí n kọ̀wé, kí wọ́n lé Uncle mi wálé, kí màmá mi má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ikú? Àbí kí n wò ó níran? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ṣe? Wednesday la wà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.