Ìṣẹ́ Tí Ìjọba Rán Yín Lọ Wá Lókè Òkun

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le? Àwa nílé wà láàyè, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ wá. Orúnkún mi ń dún kò-kò-kò débi pé bí mo bá dìde, ará ilé kejì á ní kí n wọlé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ ọ́ tó báyìí.

Télọ̀ àdúgbò ló bá wa ka ọ̀rọ̀ tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, nítorí ojú ìyá rẹ ti ń ṣú, èmi náà ò sì rí lẹ́tà tó kéré bí èèrà. O kọ ọ́ báyìí pé: Ijoba ran wa lo si oke okun lati wa ise, ijoba ilu meta mii n du u pelu wa, sugbon a n be won gidigidi ki won fun wa. Télọ̀ kà á sí ìṣẹ́, torí o ò fi àmì ohùn kankan lé e lórí. Ìṣẹ́ kẹ̀? Ìṣẹ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, tí mo ti ń wá ẹni tí n óò gbé e fún látọjọ́ tí mo ti dáyé, òun ni odidi ìjọba wọ aṣọ kóòtù, tó wọ bàálù, tó lọ ń tọrọ? Tí ìlú mẹ́ta tún ń bá wọn jà sí i! Ìyá rẹ bú sẹ́kún.

Nígbà tó yá, télọ̀ wo fọ́tò rélùwéè tó o fi tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, ó ní bóyá iṣẹ́ ni, pé ẹ fẹ́ bá wọn la ojú irin sáàárín ìlú wọn ni. Mo ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí abọ́ ìdọ̀tí kún ilé rẹ̀ kì í lọ bẹ aládùúgbò pé ẹ jẹ́ n bá yín fọ abọ́. Ìwọ náà mọ ojú irin ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí mo ti fi ọdún mọ́kànlélógún na àsíá pupa dá rélùwéè dúró. Koríko ibẹ̀ ga débi pé ewúrẹ́ tó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló jáde níjẹta, tó ń béèrè ọ̀nà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni ìjọba ń wá lóòótọ́, ṣé kò ní í rí ìyẹn?

Fọ́tò rẹ tún wá dá kún un. Rélùwéè orí tábìlì yẹn kò ju bàtà ọmọ ọwọ́ lọ, ẹ̀yin àgbààgbà wá yí i ká, ẹ ń pàtẹ́wọ́. Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́? Ìka ẹsẹ̀ mínísítà nìkan ti kún un. Ìwọ gbé fáìlì lẹ́yìn rẹ̀, o rù bí ọ̀pá àsíá mi. Ìyá rẹ ní kí n sọ bí ojú rẹ ṣe rí. Mo sọ ọ́ títí, ó ní kò tó.

Dókítà ní kọ́dún tó parí, ojú ìyá rẹ lè ṣú pátápátá. Jọ̀ọ́, wá owó ìtọ́jú rẹ̀. Má fi gba inú ẹ̀rọ ara ògiri báńkì o, ó gbé káàdì mi mì lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró tì í láti àárọ̀ títí wọ́n fi ti báńkì pé kó bì í, kò bì í. Ọwọ́ ara rẹ ni kó o fi mú un wá.

Bó bá jẹ́ ìṣẹ́ lẹ ń wá, máa bọ̀ nílé, ó wà níbí, ẹ ò ní bẹ̀ wá ká tó fún yín. Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ ni, máa bọ̀ nílé náà, ó wà lẹ́yìn ilé, nínú koríko.

Ọlọ́run tó mú ọ lọ á mú ọ bọ̀, kí ojú tó ṣú. Àsíá pupa mi ṣì wà. Ọjọ́ tó o bá dé, n óò nà án. Bó o bá ti rí i, kó o dúró.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.