Ìwé Òfin Rẹ Kò Dá Ẹjọ́ Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀nà tí ẹ ń rìn lójoojúmọ́ bínú sí yín. Tí o bá ń bèèrè wa, ara wa le, orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́, adìẹ dúdú ti pamọ mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ìwọ gan-an lo sì ń bí mi nínú.

Mo ti sọ fún ọ pé ìjọba ìbílẹ̀ fi ọ̀dà pupa sàmì sára ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ ọ̀nà. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó wá sọ ọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á wó o. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ṣé ọmọ mi kọ́ ló ń kọ́ àwọn lọ́yà lófin ni yunifásítì? Ìwọ náà sì fi ìwé tí o kọ ránṣẹ́, lórí agbára ìjọba àti ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó wà lójúlé kejì, fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko túmọ̀ rẹ̀ fún mi, tí mo ń fá pákó lọ.

Ọmọ mi, kí ni gbogbo eléyìí? Lójú ewé kan, o ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé gba ohun tí èèyàn fi òógùn ojú rẹ̀ ní. Inú mi dùn, mo ní kí tíṣà tún un kà. A ṣí ewé kejì, o ní ṣùgbọ́n àǹfààní ará ìlú náà wà ńbẹ̀. Mo ní kó máa kà lọ, bóyá wàá dá ẹjọ́ náà níwájú. A kà á tán pátápátá, o ní ọ̀rọ̀ náà ṣì ń fẹ́ ìwádìí sí i. Ìwádìí wo? Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n fẹ́ wó! Nígbà tí mo pè ọ́, o ní ẹjọ́ ẹni méjì lèèyàn ń gbọ́. Mo mọ̀, a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá àgbà òṣìkà ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹni tó wá gbọ́ ti ẹni méjì tí kò dá a ńkọ́, kí là ń pe ìyẹn?

Ohun kan ṣoṣo tó tù mí nínú ni àwọn orúkọ wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ní àwọn tó ti ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn ni. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ igba ó lé méjìlá. Mo bá gbé ìwé náà lọ bá akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, mo ní kí wọ́n rọra o, igba èèyàn ó lé méjìlá ló wà lẹ́yìn mi. Akọ̀wé ń ṣí i wò, ó dé ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá, ẹ ṣé gan-an, ibi tí ọmọ yín ti gbà fún wa rèé, pé ìjọba lè gba ilẹ̀ tó bá fẹ́ la ọ̀nà. Ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó fi í sínú fáìlì mi. Ṣé o rí ayé mi? Èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú ẹlẹ́rìí lọ fún wọn, ẹlẹ́rìí ọ̀hún sì ni ọmọ tí mo fi owó àga àti bẹ́ẹ̀dì rán níléèwé!

O tún ní wàá fi fọ́ọ̀mù ẹ̀hónú ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo gbé fóònù náà ka orí tábìlì akọ̀wé láti àárọ̀, kí fọ́ọ̀mù lè balẹ̀ síbẹ̀ tààrà láì yà sílé. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní kí n gbé e kúrò lórí ìwé òun.

Jọ̀ọ́, kó mẹ́wàá péré wá nínú àwọn èèyàn ìsàlẹ̀ ewé yẹn, kí o sì fi owó oúnjẹ wọn ránṣẹ́ ṣáájú, ìyá rẹ ní òun ò lè fi ọwọ́ òfìfo gba àlejò. Tí wọn ò bá ráyè, kí ìwọ nìkan wá. Fi ìwé sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Lánàá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ jáde, mo kó ayùn àti òòlù sí yàrá ìyá rẹ. Nígbà tó kan tábìlì iṣẹ́, kò gba ẹnu ọ̀nà. Inú ibẹ̀ ni mo ti kàn án, lọ́dún tí a bí ọ. Mo jókòó tì í, ẹkún gbọ̀n mí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọmọ tìrẹ náà á gbèjà rẹ. Ọlọ́run á jẹ́ kí o dé kí àwọn tó ń bọ̀ wá wó ṣọ́ọ̀bù tó dé.

Èmi ni bàbá rẹ.